Lẹ́tà ṣíṣí sí KAWS: ẹ jẹ́ ká mọ iye ère tí ẹ rọ

Ọ̀gbẹ́ni Brian Donnelly, ẹ̀yin ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀ sí KAWS,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ìdòwú ni orúkọ mi. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti di ọdún 19 báyìí, Peckham ni mo sì ń gbé. Èmi kì í ṣe olówó, n kì í sì í fi iṣẹ́ ọnà ṣòwò. Àmọ́ nínú yàrá kékeré tí ọmọ mi àgbà kó kúrò nínú rẹ̀, ère yín 14 ló wà lórí pẹpẹ. Mo mọ̀ dájú pé 13 nínú wọn wá láti ọ̀dọ̀ yín. Nítorí ìkẹrìnlá ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Èdè Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, nítorí pé òun ni ẹnu mi ń lò bí ọ̀rọ̀ bá dùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún yín, kó túmọ̀ rẹ̀. Mo sì fẹ́ kí àwọn ará wa tó ń kó irú ère wọ̀nyí jọ bíi tèmi, níbí àti ní Amẹ́ríkà àti nílé, kà á kí wọ́n lè bá mi bẹ̀ yín.

Bọ́sítọ́ọ̀pù ló kọ́kọ́ so èmi àti ẹ̀yin pọ̀. Mo kà nípa yín pé ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí ẹ ṣì ń kọ orúkọ sára ògiri ní Jersey City àti New York, Barry McGee tí òun náà jẹ́ ayàwòrán ìgboro fún yín ní kọ́kọ́rọ́ kan. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ń ṣí àpótí gíláàsì tí wọ́n ń fi pósítà ìpolówó sí ní ibùdókọ̀. Ẹ ó yọ pósítà, ẹ ó gbé e relé, ẹ ó fi ọ̀dà kun agbárí olójú X yín mọ́ ẹni tó ń polówó aṣọ lára rẹ̀, ẹ ó sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Ẹ kò fọ́ gíláàsì. Ẹ kò ya bébà. Ọ̀dà yẹn dán tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í rí ipa búrọ́ọ̀ṣì, àfi bíi pé ilé ìtẹ̀wé ni ó ti bá pósítà náà jáde.

Ojoojúmọ́ ni mo ń dá bọ́ọ̀sì dúró síwájú irú àpótí gíláàsì bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìtàn yẹn, n kò tún lè wò ó bí mo ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀. Èrò á máa gòkè, wọ́n á máa tẹ káàdì wọn, ojú mi á sì ti lọ sí igun pósítà, bóyá ẹnì kan ti ṣí i lóru. Mo gbọ́ pé nígbà tí orúkọ yín bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, àwọn èèyàn ń jí àwọn pósítà yẹn gbé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Èyí tó ti ń pẹ́ fún oṣù mélòó kan lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí kì í lò ju wákàtí díẹ̀ lọ. Mo rò pé ibẹ̀ ni ẹ ti kọ́kọ́ rí i pé àwọn èèyàn fẹ́ gbé iṣẹ́ yín relé.

Ní 1999, ẹ bá ilé iṣẹ́ Bounty Hunter ní Tókíò ṣe ère fáínìlì àkọ́kọ́, irú rọ́bà líle kan ni fáínìlì, ẹ sì pè é ní Companion. Ìbọ̀wọ́ ńláńlá àti ṣòkòtò péńpé rẹ̀ jọ ti eku inú fíìmù ọmọdé, àmọ́ agbárí àti egungun ni orí rẹ̀, X sì ni ojú rẹ̀ méjèèjì. Àwọ̀ mẹ́ta ni, eérú, àwọ̀ igi àti dúdú, 500 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ẹ rántí nọ́ńbà yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́. Ẹni tó ra ọ̀kan nígbà yẹn mọ̀ pé 499 èèyàn mìíràn ló ní irú rẹ̀ láwọ̀ yẹn, kò lé ẹyọ kan, kò dín ẹyọ kan.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tó ń kà á tí wọn kò mọ irú ọjà tí à ń sọ. Ère tí a fi ọwọ́ gbẹ́, ẹyọ kan ni. Ohun ìṣeré tó wà nínú ìsọ̀, kò sẹ́ni tó mọ iye rẹ̀, bí ó bá tán wọ́n á tún rọ òmíràn. Èyí tí à ń kó jọ wà láàárín méjèèjì: ayàwòrán ló yà á, mọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n fi rọ gbogbo rẹ̀, wọ́n á sọ iye tí wọ́n rọ, bó bá sì ti pé iye yẹn, ó parí nìyẹn. Òfin owó-orí ilẹ̀ Faransé tilẹ̀ la ààlà kan sílẹ̀ fún ère dídà: 8 tí wọ́n fi nọ́ńbà sí, àti 4 tí ó jẹ́ ti ayàwòrán fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjá 12, òfin yẹn kò ní pè é ní iṣẹ́ ojúlówó mọ́. Ti àwọn ayàwòrán ìgboro kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ 100, ó lè jẹ́ 500, ó lè jẹ́ 1,000. Iye tí wọ́n sọ yẹn ni ẹni tó ń rà á gbójú lé.

Ọwọ́ ará Gánà kan tí a jọ ń wa bọ́ọ̀sì ni mo ti rí ère yín àkọ́kọ́ gbà, ní 2011. Àbúrò rẹ̀ ló rà á bọ̀ láti Tókíò, nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀yin àti Medicom Toy, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ère rọ́bà, jọ ní ní àdúgbò Aoyama láti 2006 títí di 2013. Ẹ̀gbẹ́ kan ara ère yẹn wà bó ṣe yẹ, ẹ̀gbẹ́ kejì wọ́n là á sílẹ̀, èèyàn ń rí ọkàn rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ àti ìfun rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n má gbé e sí pálọ̀. Mo gbé e sí yàrá, mo sì máa ń jókòó tì í bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé. Ní 2016, èmi àti ìyàwó mi wọ ọkọ̀ lọ sí Yorkshire Sculpture Park nígbà tí ẹ kó àwọn ńláńlá wá síbẹ̀. Nígbà tí mo rí àwọn tí ẹ fi igi ṣe, tí wọ́n ga ju ilé lọ, tí ọ̀kan nínú wọn dorí kodò bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ká lára, mo rántí Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, àti gbogbo àwọn agbẹ́gilére tó mọ̀ pé orí ère ló ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ló fọwọ́ kan igi náà kí n tó fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ náà, kò sọ mọ́ pé kí n má gbé wọn sí pálọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Donnelly, kò sí irú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kò tíì sọ sí mi nítorí ère rọ́bà. "Bàbá Ṣadé, ṣé ẹ ti padà di ọmọdé ni?" Kò ká mi lára, nítorí pé ọwọ́ ìyá àgbà mi ni mo ti kọ́ ohun tí ère rọ́bà lè jẹ́.

Ìyá mi bí ìbejì kó tó bí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ Ìdòwú. Kẹ́hìndé kú nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ. Láyé àtijọ́, agbẹ́gilére ni wọ́n máa bẹ̀ kó gbẹ́ ère ìbejì fún ọmọ tó lọ. Nígbà tí ti Kẹ́hìndé fi máa ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń gbẹ́ ère ládùúgbò wa ní Ìsẹ́yìn ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ìyá àgbà bá lọ sọ́jà, ó ra ọmọláńgidi rọ́bà kan níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń ta abọ́. Bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́ nìyẹn, tó ń fi òróró pa á, tó ń rán aṣọ tó bá ti Táíwò mu fún un, tó ń gbé ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ń wẹ̀ ẹ́, á máa kì í: "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn." Mo rántí ara ọmọláńgidi yẹn dáadáa. Ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba abẹ́ apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, níbi tí ojú mọ́ọ̀dù méjèèjì ti pàdé. Òróró ti wọ inú ìlà yẹn, ó ti dúdú bí ìlà tí wọ́n fi abẹ kọ. Mo máa ń fi èékánná mi tọ̀ ọ́ bí ìyá àgbà kò bá sí nítòsí.

Kì í ṣe ilé wa nìkan o. Ní àwọn ọdún 1970, Marilyn Houlberg, ará Amẹ́ríkà tó wá ṣe ìwádìí láàárín wa, ya fọ́tò irú ọmọláńgidi rọ́bà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá ìbejì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti gbapò ère onígi nínú ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn ayafọ́tò wa náà ń ṣe tiwọn: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí ó dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi pé ohun tó ti inú mọ́ọ̀dù jáde kò lè ní ẹ̀mí nínú ilé ẹni tó gbà á.

Ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀ síra. Ìyá àgbà kò bi oníṣọ́ọ̀bù pé mélòó ni wọ́n rọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ṣọ̀wọ́n, kò sẹ́ni tó gba owó lé e nítorí orúkọ ẹni tó ṣe é. Ìtọ́jú ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ère yẹn di ẹyọ kan ṣoṣo láyé. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ yín la fi ń rà á. Bí n kò bá mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀, kí ni mo gbé sórí pẹpẹ?

Ó yá, kí n sọ ti ìkẹrìnlá.

Ní 2020 ni, ní àkókò kòrónà, nígbà tí àwa awakọ̀ bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù ń sin ara wa. Mo ṣe ọ̀pọ̀ wákàtí lé iṣẹ́ mi, mo sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́. Mo rí PASSING THROUGH aláwọ̀ eérú lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Èyí ni Companion tó jókòó tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Bó ṣe ń rí lára mi lọ́dún yẹn nìyẹn gan-an. £280 ni mo fi rà á. Ó dé nínú páálí tó mọ́ tónítóní, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ọ̀rẹ́ mi kan tó gbé tirẹ̀ wá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ tò fún nígbà tó kọ́kọ́ jáde. A gbé àwọn méjèèjì sórí tábìlì ìdáná lábẹ́ iná. Lákọ̀ọ́kọ́, bí ìbejì ni wọ́n rí. Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbé tèmi, mo gbé tirẹ̀, tèmi fúyẹ́. Mo yí wọn dojú dé. Lábẹ́ tirẹ̀, orúkọ yín àti ti Medicom Toy jinlẹ̀, etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mú. Lábẹ́ tèmi, lẹ́tà ti yọ̀, bíi pé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ sára àmàlà tó gbóná. Níbi tí ìka ti bo ojú, ọ̀dà tirẹ̀ dúró síbi tó yẹ kó dúró. Tèmi ṣàn díẹ̀ wọ àárín ìka. Mo wá fi èékánná mi tọ ìlà abẹ́ apá rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà ọmọdé. Ìlà ti ọ̀rẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Tèmi gé mi lọ́wọ́ díẹ̀.

Mo wá ẹni tó tà á fún mi títí, n kò rí i mọ́. Kì í ṣe £280 ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé fún oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí mo bá ń lọ sí gáréèjì, lọ́dún tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi. N kò tà á. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n tún un tà, pé ẹni tó bá rà á kò ní mọ̀. Èèwọ̀ ni. Bí mo bá tà á, mo ti di ọ̀kan nínú wọn nìyẹn.

Mo wá jókòó láti wá ibi tí èèyàn ti lè yẹ irú nǹkan báyìí wò kó tó sanwó. N kò rí ibì kan tó ti ọwọ́ yín wá. Ohun tí mo rí ni fọ́tò tí àwọn àjèjì ń fi wé fọ́tò, tí wọ́n ń jiyàn lórí ìbú ìka ẹsẹ̀ àti bí páálí ṣe dán tó. Àwọn kan nínú wọn mọṣẹ́ gan-an, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà ń kà á, wọ́n sì ń fi àtúnṣe sí tiwọn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí: ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ fún wa. Ère kọ̀ọ̀kan tó ti jáde láti 1999, ọdún rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, ohun tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, bí páálí rẹ̀ ṣe rí, àti iye tí ẹ ṣe. Kí ó wà ní ojútáyé, kí ẹnikẹ́ni lè wò ó láì san kọ́bọ̀. Pàápàá jù lọ iye. Láti nǹkan bí 2016, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère yín ti ń jáde láì sí iye kankan tí ẹ dárúkọ. Ọ̀nà tó lọ tààrà nìyẹn fún ẹni tó ń rọ ayédèrú, nítorí pé ibi tí a kò bá ti mọ iye ojúlówó, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọjà ti pọ̀ jù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ìdí tí ẹ kò fi sọ iye mọ́ ni pé ẹ fẹ́ kó kárí, kí irú èmi awakọ̀ bọ́ọ̀sì lè ra tiwa. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ní 2017, nígbà tí ilé ìtajà MoMA, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York, gbé Companion jáde ní $200, àwọn tó rọ́ wọ ìkànnì wọn pọ̀ débi pé ìkànnì náà dákú. $200, awakọ̀ lè tu ú jọ. Ní 2019, àwòrán yín kan ní gbàǹjo Sotheby's ní Hong Kong lé ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Ìyẹn kò kàn mí, kò sì ní kàn mí láéláé. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dín wọn kù. Ẹ ṣe 50,000 bó bá wù yín. Kí ẹ ṣáà sọ fún wa pé 50,000 ni. Keith Haring, ayàwòrán ìgboro New York, ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń jẹ́ Pop Shop ní Lafayette Street ní 1986 kí ọmọ tó ń gba ojú pópó kọjá lè ra nǹkan kékeré, àwọn kan sì bú u nítorí rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ fún ohun tó ṣe yẹn ju gbogbo ohun tó kù lọ. Kíkárí àti àkọsílẹ̀ kì í bá ara wọn jà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín náà ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Banksy, ayàwòrán ara ògiri tí a kò mọ ojú rẹ̀, ló dá ọ́fíìsì tó ń jẹ́ Pest Control sílẹ̀ ní 2008 kí a lè mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí i pé iṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀, wọ́n á mú owó bébà £10 ayédèrú tí òun fúnra rẹ̀ yà, èyí tó gbé ojú Diana sí ní ipò ọbabìnrin, wọ́n á fà á ya sí méjì. Ìdajì wà lára ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ náà, ìdajì kejì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹnì kan bá jiyàn, kí wọ́n mú ìdajì méjèèjì wá, kí a wò ó bóyá ibi tó ti ya bára mu. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, inú mi dùn bíi pé ará ilé wa ló ronú kàn án. Invader, tó ń lẹ àwòrán aláwẹ́ táìlì sára ògiri láti 1998, máa ń ṣe ẹ̀dà ẹyọ kan ṣoṣo fún èyí tó bá lẹ̀ síta, ó sì ń fún ẹ̀dà yẹn ní káàdì ìdánimọ̀ tó fọwọ́ sí. Ọmọ ìta ni gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àkọsílẹ̀ ti sọ wọ́n di akọ̀wé ìjọba.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń kánjú, ẹ má bínú sí mi bí mo bá sọ ọ́. Ọdún 1974 ni wọ́n bí yín. Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Basquiat, tó bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri New York, kú ní 1988, ọmọ ọdún 27 ni. Haring kú ní 1990, ọmọ ọdún 31. Lẹ́yìn wọn, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò kí èèyàn lè mọ èyí tó jẹ́ tòótọ́. Ní 2012, lọ́dún kan náà, ìgbìmọ̀ méjèèjì túká. Àsìkò yẹn ni ẹjọ́ kóòtù ti ń dẹ́rù ba irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ kan kì í ṣe ojúlówó lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́. Lónìí, ẹni tó ní ohun kékeré kan tó rò pé ti Haring ni, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó máa gbé e lọ bá. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀yin wà láyé, ọwọ́ yín ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn tí ẹ bá ṣiṣẹ́ ní Tókíò ní 1999 ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì lè rántí. Ìwé tí ẹ bá kọ lónìí, kò ní sí agbẹjọ́rò tó máa yí i padà lọ́jọ́ iwájú.

Bí ẹ bá sì ń kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ti àwọn mọ́ọ̀dù náà mọ́ ọn: èyí tí ẹ ti fọ́, èyí tó ṣì wà, àti ibi tó wà. Kò sí ohun tó ń dẹ́rù ba àwa tí à ń kó ère jọ bíi mọ́ọ̀dù tí a kò mọ ibi tó sùn. Ti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ kó gbogbo ọjà lọ́jọ́ tó bá jáde kí wọ́n lè tún un tà lọ́wọ́n, n kò ní sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń kígbe rẹ̀ sí yín létí.

Ẹ kọ́kọ́ fún ṣọ́ọ̀bù yín ní Aoyama ní orúkọ kan, OriginalFake. Ojúlówó ayédèrú ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ mi. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn, nítorí mo mọ ohun tí ẹ ń sọ: ẹ mú eku olókìkí, ẹ mú àwọn tí ọmọdé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ sọ wọ́n di tiyín láì bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin gan-an mọ ibi tí ẹ̀dà ti di iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é, àti ibi tó ti di olè. Kò sẹ́ni tó lè là á yé wa bíi tiyín.

Ẹ̀gbọ́n mi Táíwò ń bọ̀ wá kí wa ní Oṣù Kejìlá. Wọ́n ń kó yàrá ìyá àgbà jáde ní Ìsẹ́yìn, ó sì ní òun á gbé ọmọláńgidi Kẹ́hìndé wá fún mi, nítorí pé èmi nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣí àyè sílẹ̀ fún un láàárín pẹpẹ. Síwájú ère kọ̀ọ̀kan ni mo gbé páálí kékeré kan sí, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ọdún tó jáde, ọjọ́ tí mo rà á, ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Síwájú ìkẹrìnlá, mo kọ òtítọ́: ayédèrú, 2020. Lórí páálí mẹ́sàn-án, mo fi àyè tí iye wọn yóò wà sílẹ̀, n kò sì kọ nǹkan kan sí i. Bírò kò ṣeé pa rẹ́, nítorí náà pẹ́ńsù ni mo fi kọ gbogbo èyí tó kù.

Mò ń retí yín.

Ìdòwú,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù